Ta ló ń ba ọkọ̀ wa jẹ́ ní Ìpakodò?

Níbikíbi tí awakọ̀ méjì bá ti pàdé ní agbègbè Ìkòròdú, ìbáà jẹ́ nídìí fọkanáísà tàbí lórí ìlà nílé epo, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń yà sí ti ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí tiyín kì í gbóná? Tèmi, bó bá ti dé Májídùn báyìí, abẹ́rẹ́ ti sá sókè nìyẹn." "Ẹ gbà mí o, ṣé kí n ra tòkunbọ̀ ni àbí kí n ra èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà?" "Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ti ń yẹ ìwé ìbánigbófò wò lójú pópó?" Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a máa ń dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, kálukú sì ní mẹkáníìkì tirẹ̀ tó ń fi ṣe ẹlẹ́rìí. Àgbéyẹ̀wò yìí kó wọn jọ láti ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: ohun tí ọ̀nà ń fi ojú ọkọ̀ rí, ohun tí ọjà ń ṣe fún un, àti ohun tí àwa tí a ni ín ń fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ohun tó hàn sí mi ni pé ẹ̀bi ẹ̀kẹta pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n orí méjì àkọ́kọ́ ni a máa ń dì í rù.

Ọ̀nà tí a ń tọ̀, omi tí ń kún

Etí ọ̀sà ni Ìpakodò, àdúgbò kan ní Ìkòròdú, wà. Èbúté ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ikorodu Lighter Terminal, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù láti ojú omi sórí ọkọ̀ àjàgbé. Títì kan náà ni tírélà àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jọ ń gbà. Tírélà ni í fọ́ ọ, ọkọ̀ kékeré ni í jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ lọ sí ìgboro Èkó, Ògólóńtó àti Májídùn ló sábà máa ń gbà kó tó já sí Mile 12. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fẹ ọ̀nà Mile 12 sí Ìkòròdú yìí, tó gùn tó kìlómítà 13.5, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, pẹ̀lú ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT. Ìrọ̀rùn dé lóòótọ́. Àmọ́ òpópónà àdúgbò tí a ń gbà kí a tó bọ́ sórí títì ńlá ni ibi tí ìyà kù sí.

Kòtò kì í dédé ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń kọlù: ṣọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, búṣìn, rímù àti táyà. Bí ọkọ̀ bá ń dún kó-kó-kó lábẹ́ nígbà tó bá ń bọ́ sínú kòtò, tàbí tí táyà ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju ìkejì lọ, tàbí tí ọwọ́ ọkọ̀ ń fà sápá kan, ẹsẹ̀ ló ń ké gbàjarè yẹn. Ẹ̀bi ọ̀nà ni pé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tètè gbó. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń dún láti oṣù mẹ́ta, tí a ń gbé rédíò sókè kí a má baà gbọ́ ọ, títí tí ẹsẹ̀ fi yọ lórí ìrìn, ẹ̀bi ọ̀nà ti parí níbẹ̀.

Omi ni ìṣòro kejì. Ẹ̀bá Mile 12, Àgbòyí àti Ajégúnlẹ̀ ni odò Ògùn ń gbà wọ ọ̀sà. Bí òjò bá wá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ ní adágún Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìkòròdú a kún. Àkúnya omi oṣù Kẹwàá ọdún 2010 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀. Ìbéèrè tí awakọ̀ máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ọkọ̀ mi lè la omi yìí kọjá?" Ìdáhùn wà lára ẹ̀rọ náà. Ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ símú, imú yẹn kì í sì í ga púpọ̀ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá wọ ibi tí písítìn ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pá písítìn ló máa tẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá dákú sínú omi, ẹ má ṣe tún un ṣíná rárá. Ẹ tì í jáde, ẹ tú bátìrì, kí mẹkáníìkì yọ plọ́ọ̀gì, kó sì wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti ọ́ìlì jíà. Ọ́ìlì tó bá ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí àkúnya "pa" ni kọ́kọ́rọ́ tí a yí lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dákú pa.

Tòkunbọ̀ àti ọjà rẹ̀

Ìgbà kan wà tí ẹni tó bá gbówó oṣù dáadáa lè ra ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tò ní Nàìjíríà. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Òjó, lójú ọ̀nà Badagry. Ọdún náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Volkswagen Ìjàpá kún ìgboro, Peugeot 504 sì di ọkọ̀ àwọn ọ̀gá. Lẹ́yìn tí owó náírà ṣubú láti ọdún 1986, tí nǹkan èlò tí wọ́n ń kó wá láti òkèèrè di ọ̀wọ́n, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tòkunbọ̀, ìyẹn àlòkù òkèèrè, sì gba ipò rẹ̀. Kutọnú ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé títí tí ìjọba àpapọ̀ fi kà á léèwọ̀ láti gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017. Nígbà tí wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó tó ń ra ọkọ̀ tó gbámúṣé tẹ́lẹ̀ kò lè ra irú rẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè "tòkunbọ̀ àbí Nàìjíríà-lò" fi le tó báyìí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ kò ní kí ọkọ̀ dára. Tòkunbọ̀ tó ti Kánádà tàbí àríwá Amẹ́ríkà wá lè mọ́ lójú, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹrà, nítorí iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì lọ́hùn-ún nígbà òjò dídì. Kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù ṣeé dá padà sẹ́yìn. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ bírékì, ọwọ́ ọkọ̀ àti àga awakọ̀, wọ́n máa ń sọ òtítọ́ ju òǹkà lọ. Nọ́ńbà VIN tó ní lẹ́tà àti òǹkà 17 kì í ṣe ọ̀ṣọ́: èyí àkọ́kọ́ ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà, J fún Jàpáánù, W fún Jámánì, 1 tàbí 4 tàbí 5 fún Amẹ́ríkà, 2 fún Kánádà; lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ń sọ ọdún àwòṣe rẹ̀. Bí ti ara gíláàsì bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá "Big Daddy", "Muscle" tàbí "End of Discussion", ẹ ní ìdí tiyín. Toyota àti Honda wọ̀nyí pọ̀ nígboro, ẹ̀yà ara wọn kò ṣòro rí, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló sì mọ inú wọn. Ọkọ̀ tó dára jù fún ará Ìpakodò ni èyí tí ẹ̀yà rẹ̀ wà ní Owódé Onírin, tí a kò ní máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró dè láti òkèèrè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín tòun ti ẹ̀rọ síkáànù dání, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà wọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ibẹ̀ ni jíà tó ń yọ́ àti ẹ́ńjìnì tó ń gbóná kò ti ní lè fara pamọ́.

Epo: òǹkà tí a kì í fẹ́ ṣe

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ₦185 ni NNPC ń ta lítà epo bẹntiróòlù kan ní Èkó. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó di ₦488. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti di ₦998. Táńkì lítà 50 tí a ń fi ₦9,250 kún wá di ₦49,900.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò fún ẹni tó ń gbé Ìpakodò tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina. Ìkòròdú sí Mile 12 jẹ́ kìlómítà 13.5, Mile 12 sí CMS ní Marina tó 22. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 71. Bí ọkọ̀ bá ń fi lítà kan rin kìlómítà mẹ́wàá, tí ìyẹn gan-an sì ṣòro nínú gó-siló, lítà méje ló ń jẹ lójúmọ́. Ní ₦998 ti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọjọ́ iṣẹ́ 22 yóò gba ohun tó lé ní ₦153,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. A kò tíì ka ọ́ìlì, táyà àti mẹkáníìkì o.

Ọ̀wọ́n epo tún ti bí àṣà kan tó ń pa ọkọ̀ jẹ́jẹ́: kí èèyàn máa ra epo díẹ̀díẹ̀, kí iná pupa máa wà lójú dáṣíbọọ̀dù látàárọ̀ dalẹ́. Inú táńkì ni páńpù epo wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí, epo tó yí i ká ló sì ń mú un tutù. Bí epo bá ń gbẹ sísàlẹ̀ nígbà gbogbo, páńpù a máa gbóná, a tún máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táńkì. Iye kan náà ni èèyàn ń ná bó bá ń rà á láti ààbọ̀ táńkì sókè. Ọ̀nà tó ń gbà ná an ló yàtọ̀. Ní ti epo tí wọ́n bu omi tàbí nǹkan mìíràn lù, ti oṣù Kejì ọdún 2022 kò tíì kúrò lọ́kàn wa, nígbà tí wọ́n kó epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi awakọ̀ kankan. Gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe ni kó máa gba rìsíìtì, kó sì máa ra epo níbi tí èrò ti pọ̀.

Gáàsì CNG ni ọ̀pọ̀ ń bi ara wọn léèrè báyìí, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2023. Ó dín owó kù lóòótọ́. Àmọ́ sìlíńdà rẹ̀ wúwo, ó ń gba àyè nínú búùtù, ibi tí a ti ń rà á kò sì pọ̀ tó ilé epo. Ohun kan tí kò gba àríyànjiyàn ni pé a kò gbọdọ̀ fi sìlíńdà gáàsì ìdáná tàbí èyí tí wọ́n jó pọ̀ sínú ọkọ̀, torí agbára tí CNG fi ń ti ara sìlíńdà ju ti gáàsì ìdáná lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ọkọ̀ tó ń gbóná àti ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ dùn sí, torí pé ibí ni ẹ̀bi wa ti hàn jù. Kò sí ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ láàárín Ògólóńtó àti Mile 12 bí "ó ń gbóná". Ohun tí àwọn mẹkáníìkì sì sábà máa ń ṣe sí i jẹ́ mẹ́ta: wọ́n á yọ tẹmọsítáàtì dànù, wọ́n á so fáànù ní dáyírẹ́ẹ̀tì kó máa yí láti ìgbà tí a bá ti ṣíná, wọ́n á sì máa da omi ẹ̀rọ sí rédíétọ̀. Ọkọ̀ á tutù fún ìgbà díẹ̀, a ó sì yin mẹkáníìkì. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Tẹmọsítáàtì ni ilẹ̀kùn tó ń sé omi mọ́ ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, láàárín 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kó tó ṣí i sí rédíétọ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì kò ní tètè dé ìwọ̀n yẹn. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé òtútù ń mú un, á sì máa tú epo sí i ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó ń ráhùn pé ọkọ̀ òun ń mu epo lè má mọ̀ pé òun ló sanwó kí wọ́n yọ ohun tí kò ní jẹ́ kó mu ún. Omi lásán, ní tirẹ̀, ń dá ìpẹtà sínú ẹ́ńjìnì àti rédíétọ̀. Kúláǹtì kì í ṣe ti ìlú olótùútù nìkan: ó ń dènà ìpẹtà, kì í sì í tètè hó bí omi. Ẹ̀tẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀ lè jẹ́ ìdérí rédíétọ̀ tí kò dé dáadáa mọ́, rédíétọ̀ tó ti dí, páńpù omi tó ń jò, tàbí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó. Ìdérí ni owó rẹ̀ kéré jù láti pààrọ̀, òun ni ó sì yẹ ká kọ́kọ́ wò. Bí ọkọ̀ bá sì ti gbóná lójú ọ̀nà, ẹ gùnlẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí i. Ẹni tó bá ní òun á rọ́jú dé Kétu lè sọ ìṣòro rédíétọ̀ di ti ẹ́ńjìnì.

Kò dára ká dá gbogbo ẹ̀bi ru mẹkáníìkì. Púpọ̀ nínú wọn kọ́ṣẹ́ lára ọkọ̀ tó ní kábúrétọ̀, kí ọkọ̀ tó kún fún sẹ́ńsọ̀. Ẹ̀rọ síkáànù kò sì ní idán: kóòdù tó bá gbé jáde ń sọ ibi tí àìsàn ti hàn, kì í sọ ohun tó fà á. Sẹ́ńsọ̀ tó ń kígbe lè má bàjẹ́. Wáyà rẹ̀ lè ti já, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa jò níbòmíràn. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ẹ̀yà kan tẹ̀lé ẹ̀yà kan nítorí kóòdù, owó oníbàárà ló fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹ bi í pé kí ló dán wò tó fi mọ̀ pé nǹkan yẹn ti kú, kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n tú kúrò. Ìmọ̀ràn yìí ṣe pàtàkì jù lórí kátálísì, ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń sẹ́ èéfín mọ́. Irin iyebíye wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń ra pàǹtírí irin sì ń wá a. Mẹkáníìkì á ní ó ti dí, á yọ ọ́, oníbàárà á sanwó iṣẹ́, ẹlòmíràn á sì tà á.

Ní ti ọ́ìlì, kìlómítà 5,000 tí wọ́n sábà ń dárúkọ kò bá gó-siló mu. Wákàtí méjì tí ẹ́ńjìnì fi ń yí lójú kan ní Kétu kò hàn nínú kìlómítà, ọ́ìlì sì ń gbó. Ẹni tó ń wọ inú ìgboro lójoojúmọ́ ní láti fi oṣù ka tirẹ̀, kó má fi òǹkà dáṣíbọọ̀dù nìkan kà á. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ọjọ́ sáfíìsì kò yẹ kó yàtọ̀.

Táyà

Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní ọdún 2007. Dunlop dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, táyà òkèèrè ni a ń lò, tuntun àti àlòkù. Òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà àlòkù lè ní eyín tó jinlẹ̀, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbẹ láti ìgbà tó ti wà ní ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá sán wẹ́wẹ́, kò yẹ lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, nígbà tí táyà bá tutù sì ni a ń wọ̀n ọ́n.

Pátíkúlà àti àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti wà láti ọdún 1988, Wọlé Ṣóyínká ló sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. LASTMA, tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ ní Èkó, dé ní ọdún 2000. VIS ti ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń yẹ ọkọ̀ wò, tún wà, àti ọlọ́pàá. Púpọ̀ nínú wàhálà tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn àti awakọ̀ ni ìwé tó ti kú láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Ìbánigbófò ẹnìkẹta gòkè láti ₦5,000 sí ₦15,000 fún ọkọ̀ ara ẹni láti oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn ọlọ́pàá sì kéde pé láti oṣù Kejì ọdún 2025 àwọn á máa yẹ̀ ẹ́ wò gidigidi. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ka owó yìí sí owó orí. Wọn kò mọ̀ pé ó lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ wọn bá bà jẹ́, àmọ́ kò ní tún tiwọn ṣe. Ẹni tó ra ayédèrú lọ́wọ́ agbódegbà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ó yẹ kó wò ó nínú àkójọ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti kí èèyàn gba wọn-wéè lódì, òfin Èkó fàyè gbà á kí wọ́n gba ọkọ̀ náà pátápátá: ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ìjọba lu ọkọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní gbàǹjo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fẹ́ jí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé dandan ni kí ọkọ̀ jáde lójoojúmọ́?

Ará Ìpakodò ní ohun tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kò ní: ọkọ̀ ojú omi wà nítòsí ilé, bọ́ọ̀sì BRT sì wà ní Ìkòròdú. Afárá Mainland kẹrin tí ìjọba ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí yóò so Ìkòròdú mọ́ apá Ajah, kò tíì dé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìrètí rẹ̀ ra ọkọ̀. Ọkọ̀ oníná mànàmáná náà ṣì jìnnà sí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ iná Ẹgbìn tó lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì wà ní agbègbè wa níbí. Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé etí èbúté nìkan, tó sì ń fi í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwé ọmọ, ọjà àti òde ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò dín epo, ọ́ìlì àti táyà kù lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló gba bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà náà kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó jẹ́ ìpinnu tí a ṣírò.

Bí a bá wá pín ẹ̀bi, ọ̀nà ló ni ẹsẹ̀ ọkọ̀, ọjà àti ìjọba ló ni iye owó epo, iye owó ẹ̀yà ara àti epo tí kò dára. Ó yẹ ká máa béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn láìdákẹ́. Àmọ́ ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì, páńpù epo tó jó, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó já àti ìwé tó kú kì í sábà jẹ́ tiwọn. Orísun kan ni wọ́n ní: gbogbo owó ọwọ́ wa ni a kó ra ọkọ̀, a kò ṣẹ́ nǹkan kan kù tí a ó fi tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń sún owó kékeré síwájú títí ó fi di owó ńlá. Ẹni tó ní mílíọ̀nù márùn-ún, kó ra ti mẹ́rin. Kó lo ẹyọ kan tó kù fún ọ́ìlì, kúláǹtì, táyà àti ìwé ní ọdún àkọ́kọ́, kó sì máa kọ ohun tó ń ná sílẹ̀ lóṣooṣù. Bí òǹkà bá fi hàn lẹ́yìn ọdún kan pé agbára rẹ̀ kò ká a, kó tà á nígbà tó ṣì ń rìn, torí ọkọ̀ tó ń rìn ni wọ́n ń rà lówó gidi.